Ìgbàlódé Ọdún Wo?

Ẹ̀gbọ́n mi Ṣówándé tẹ̀ mí láago láti Dọ́bìlìn,
ó ní, "Ya ilé kan fún mi sí Pórógun,
ilé ìgbàlódé ni o, má ya tàtijọ́."
Mo mú pẹ́ńsùlù, mo tún gbé e kalẹ̀.
Ìgbàlódé ọdún wo?

Torí láti ojú fèrèsé mi ni mo ti ń wo
ilé tí bàbá wa àgbà, Ọnàkọ̀yà bíríkìlà, kọ́
nígbà tí òmìnira ṣì ku ọdún méjì.
Ìjẹ̀bú-Òde tú jáde wá wò ó.
Kò ní òrùlé ṣóńṣó; orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo,
bí oṣù Agẹmọ bá sì dé, omi a dúró síbẹ̀,
a máa kán sínú abọ́ mẹ́rin tí ìyá wa tò kalẹ̀.
Bíríkì oníhò ló fi mọ ògiri àtẹ̀gùn.
Ọgọ́fà ihò. Mo kà wọ́n nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀.
Afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé láìkan ilẹ̀kùn,
oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gba ibẹ̀ tẹ́ ẹní alámì tótòtó sílẹ̀,
àwa ọmọdé ń fò láti àmì dé àmì.

Òyìnbó tó ya ilé náà ní ìgbàlódé kì í fẹ́ ọnà lára:
kí ògiri mọ́, kó dán, kó dákẹ́.
Bàbá ní, "Yẹ́sà."
Nígbà tí òyìnbó lọ tán, ó fi ẹ̀gbẹ́ ṣíbí ìrẹ́lé
fín alángbá kan sí abẹ́ àtẹ̀gùn,
níbi tí ẹni tó bá wọ bàtà kò ní bẹ̀rẹ̀ dé.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni pẹ́tẹ́ẹ̀sì Àgùdà ilé Odùnúgà,
òdòdó símẹ́ńtì lọ́rùn, òdòdó símẹ́ńtì lẹ́sẹ̀.
Ìgbàlódé lòun náà, lọ́jọ́ tó lé àkọ̀dì alámọ̀ kúrò lójú ọ̀nà.

Nílé ẹ̀kọ́, olùkọ́ kan láti Lándánì sọ fún wa
pé ìgbàlódé ti kú: ó lọ́jọ́ ìbí, ó lọ́jọ́ ikú,
ohun tí à ń kọ́ báyìí, ti òde òní ni.
Ọmọ Íńdíà tó jókòó tì mí rẹ́rìn-ín sínú:
ní ìlú tiwọn, ó ní, kò tíì kú,
wọ́n ṣì ń sá aṣọ sí báńkóló rẹ̀.
Èmi náà fẹ́ nawọ́ sókè. Èdè mi ò mọ òkú yẹn.
Ìgbà ló dé ni àwa wí:
ó ti dé, ó ti wọlé, ó ti bọ́ bàtà,
ó ti ń béèrè omi mímu.
Òde òní ńkọ́? Òde ló ṣì wà,
ó ń kan ilẹ̀kùn.

Ẹ wo ti Kúfọ̀rìjì lójú títì Ẹ̀jìnrìn,
gíláàsì láti ilẹ̀ dókè, dúdú bí ojú awò.
Ìbejì rẹ̀ wà ní Dùbáì, ìdòwú rẹ̀ wà ní Ṣàngháì.
Jẹnẹrétọ̀ ní í bá a mí;
bó bá kú, gbogbo ilé a di èémí mú.
Síbẹ̀, lálẹ́ tí iná bá wà, mo máa ń dúró wò ó.
N ò ní purọ́: ó dára.
Ìyàwó rẹ̀ ti ta aṣọ òfì bo gíláàsì náà nínú,
torí ojú aládùúgbò.

Ṣówándé tún pè. "Ṣó ti parí?"
Mo ní, "Sọ èyí tó o fẹ́ nínú wọn."
Ó dákẹ́ díẹ̀. Mo gbọ́ òjò lọ́hùn-ún, ní ọ̀dọ̀ rẹ̀.
"Èyí tí kò ní jò," ni ó wí.

Mo fi òrùlé ṣóńṣó lé e.
Mo ya ihò kan sí ògiri àtẹ̀gùn. Mo ya ìkejì.
Lábẹ́ àtẹ̀gùn, mo fi àyè kékeré kan sílẹ̀,
n ò kọ nǹkan kan síbẹ̀.